Ilé Mẹ́ta tí Takusi Kọ́ fún Ọ̀tá Rẹ̀

Oúnjẹ ni Takusi gbé lọ fún ọkọ rẹ̀ lóko lọ́jọ́ tí Hatre pa ọkọ náà. Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí ó fi àlùbọ́sà sè ni, pẹ̀lú búrẹ́dì tí kò tíì tutù. Odò ti kún, gbogbo abúlé Temushi sì ti bọ́ sóko láti gba omi sórí ilẹ̀ wọn, oko kan lẹ́yìn òmíràn, bí àwọn àgbà ṣe pín in. Ti Pekisi, ọkọ Takusi, ló kàn. Ṣùgbọ́n Hatre ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà, ti já ìdínà tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí, omi sì ń rọ́ wọ oko Hatre. Pekisi kò bá a jà. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó pè é ní olè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ kó ẹrẹ̀ dí ojú omi náà padà. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni Hatre ti gbé ọkọ́ sókè, tí ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn orí.

Takusi rí i. Kò ju kí ó nahùn pè wọ́n lọ. Hatre gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ìkòkò kò bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó rọra gbé e kalẹ̀, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ṣì máa jẹun. Lẹ́yìn náà ló figbe ta. Kí àwọn ará oko tó dé, Hatre ti ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ti ń sá lọ sí apá òkè gbígbẹ ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ń sin òkú sí.

Wọ́n lé e títí dé ibi tí ilẹ̀ dúdú ti parí tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì padà. Olórí abúlé wá bá opó náà nílé.

“Ìyá Talu, fi í sílẹ̀ fún ìkookò. Ta ló wọ aginjù yẹn rí tó jáde?”

“Èmi àti ìkookò ò bá ara wa tan,” ni Takusi dáhùn. “Kí ló máa mú un bá mi gbẹ̀san?”

Talu, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń mu ọmú lọ́wọ́ nígbà náà. Takusi ń ran òwú ọ̀gbọ̀, ó ń hun aṣọ tà, ó ń fi tọ́ ọmọ. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ wá, ó lé wọn. Nígbà tí ọmọ náà ti tó ẹni tí ń gbé garawa omi, ni ìròyìn dé abúlé pé ẹni mímọ́ kan wà nínú ibojì àtijọ́ lórí òkè, ní òdìkejì odò, ìrìn ọjọ́ kan sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ní búrẹ́dì àti iyọ̀ nìkan ló ń jẹ, pé kì í bá àlejò sọ̀rọ̀, àfi kó gbé ọwọ́ lé aláìsàn kó sì sunkún. Àwọn ọkùnrin ti ń fi iṣẹ́ àti ìyàwó sílẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ihò sínú òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Lọ́dún yẹn ni ibà mú Talu, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Takusi gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gun òkè náà pẹ̀lú àwọn arọ àti afọ́jú. Ó jókòó sínú oòrùn títí ó fi kàn án. Ọkùnrin náà jáde látinú ibojì, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni ó dà bora. Kì í ṣe ojú ni Takusi fi mọ̀ ọ́n. Ìrìn rẹ̀ ni, bí ó ṣe máa ń ju èjìká òsì síwájú. Ọkùnrin náà ti na ọwọ́ sí orí ọmọ náà kí ó tó wo ẹni tó gbé e wá.

“Má fi ọwọ́ yẹn kàn án!” Takusi já ọmọ rẹ̀ gbà bí ẹni já a gbà lẹ́nu ẹranko. “Hatre! Hatre ọmọ Pamuni! Ẹ wò ó o, ẹ̀yin èèyàn, apànìyàn lẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún! Ó fi ọkọ́ la orí ọkọ mi!”

Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé òkè náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ́ Fibi, di apá rẹ̀ mú.

“Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Bàbá wa ti sọ fún wa pé ẹlẹ́ṣẹ̀ lòun.”

“Ṣé ó sọ fún ẹ pé ẹ̀yìn lọkọ mi kọ sí i?”

Fibi tú apá rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo Bàbá rẹ̀. Omi ń dà lójú Hatre, kò jiyàn, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó padà sínú ibojì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ibojì ti ṣófo.

Takusi sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ kan tó korò lẹ́nu rẹ̀. Ibà Talu lọ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó rò pé òun ti tú wọn ká. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí òkè kò túká. Wọ́n ní Bàbá àwọn ti wọ inú aginjù lọ gbàdúrà níbi tó jìn sí i, pé kò dáa kí ibi tó fi sílẹ̀ fún àwọn bàjẹ́. Wọ́n mọ odi yí àwọn ihò náà ká, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n kọ́ ilé ìsìn. Ilé àkọ́kọ́ àwọn mọ́ńkì, àwọn tó fi ayé sílẹ̀ gbàdúrà, nìyẹn.

Lẹ́yìn ìkórè méjì, ọlọ́kọ̀ kan tó ń ra ọ̀gbọ̀ sọ fún Takusi pé ẹni mímọ́ kan ti dé àgọ́ ológun tó ti di ahoro ní apá òkè odò. Kò béèrè pé báwo lẹni náà ṣe rí. Ó fi Talu sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Hatre ni. Takusi dúró lẹ́nu odi ahoro náà, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Hatre sá. Àwọn tó ti ń pọ̀ yí i ká jókòó, wọ́n tún odi náà mọ, ó di ilé kejì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìlà-oòrùn ni ó sá lọ, láàrin àwọn òkè tí àwọn darandaran nìkan ń gbà kọjá. Ó pẹ́ kí Takusi tó gbúròó rẹ̀. Nígbà tí ó débẹ̀, èèyàn ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n sọ ọ́ lókùúta, ọ̀kan bà á ní ìgbáròkó, láti ọjọ́ náà ló ti ń tiro. Síbẹ̀ ó pariwo. Síbẹ̀ Hatre sá. Ilé kẹta sì dìde.

Nígbà tí Takusi ń bọ̀ láti ibẹ̀, ìgbáròkó kò jẹ́ kó lè rìn dáadáa. Ó yà sí ilé kejì láti sinmi, torí kò síbi tí ó tún lè yà sí. Wọn kò dá a mọ̀. Wọ́n fún un ní búrẹ́dì àti dàbínù, wọ́n jẹ́ kó jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ṣe fún àlejò, mọ́ńkì sísanra kan sì ń pa ìtàn olùdásílẹ̀ ilé náà fún àwọn èrò.

“Bàbá wa kórìíra ògo,” ni mọ́ńkì náà wí. “Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín níbì kan, ṣe ló máa dìde. Ilé mẹ́ta ló ti dá sílẹ̀ báyìí, kò sì gbádùn ìkankan.”

“Ògo ló ń sá fún?” Takusi gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀.

“Ògo ni, ìyá. Àti èṣù. Èṣù kan wà tó máa ń gbé ìrísí obìnrin wọ̀. Ibi tí Bàbá bá lọ, ó máa tọ̀ ọ́ lọ, á máa pariwo irọ́ mọ́ ọn. Àwọn ará wa tó rí i ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́.”

Àwọn èrò ṣe àmì àgbélébùú. Takusi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí eruku bò, pẹ̀lú bàtà koríko tó ti já. Ó wá rí ọ̀rọ̀ náà kedere bí ẹni wo inú àwo omi. Ká ní ó jókòó sílé rẹ̀, inú ibojì yẹn ni Hatre ìbá gbẹ sí, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ ọ́n ju ará abúlé méjì lọ. Òun ló ń lé e láti ibì kan dé ibòmíràn bí ẹni ń fọ́n irúgbìn. Òun ló kọ́ ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ẹ̀yin ará,” ó ní, ó dìde, “á ti rẹ èṣù yẹn o.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn sí ìyá náà.

Takusi kò lépa Hatre mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó fi Talu fọ́kọ, ó rí ọmọ-ọmọ. Hatre ti wà níbi kẹrin nígbà náà, ní etí òkè kan tó dojú kọ odò, níbi tí èrò ń wọ́ lọ bí èèrà. Fibi sì ti kúrò ní ilé àkọ́kọ́ láti lọ máa ṣe olórí ibẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ló rò pé Takusi ti gbà fún Ọlọ́run. Ìgbà tí ó di òfì rẹ̀ sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Talu tó mọ̀ pé kò gbà.

“Ìyá, ẹ ò ní fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ ni? Èmi ò mọ bàbá mi, ẹ̀yin náà ń lọ.”

“Torí pé o ò mọ̀ ọ́n ni mo ṣe ń lọ.”

Ó dé ibi kẹrin náà ní ọ̀sán. Hatre wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ sórí àwọn ọmọdé. Nígbà tí ó rí i, ojú rẹ̀ ṣú, ó yíra padà, ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú awọ ewúrẹ́ lábẹ́ apá. Takusi ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dè é.

“Jókòó,” ó ní. “Mi ò wá pariwo.”

“Kí lo wá ṣe, ìyàwó wa?”

“Ìyàwó ta ni? Ọkọ tó fẹ́ mi dà?” Ó gbá awọ ewúrẹ́ náà bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ apá rẹ̀. “Tí o bá sá, màá tún lé ọ, wọn á sì tún kọ́ ilé fún ẹ. Ilé kíkọ́ ti sú mi, Hatre. Ibí lo máa wà, kí n máa wò ọ́.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Pekisi ò bi ọ́ ní títí di ìgbà wo.”

Ó tẹ òfì rẹ̀ sábẹ́ igi kan lọ́ọ̀ọ́kán ẹnu ọ̀nà ilé náà, ó ń hun aṣọ, ó sì ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò. Kò sọ ọ̀rọ̀ Hatre fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹnì kan bá dọ̀bálẹ̀ níwájú Hatre tó ń pè é ní àtùpà aginjù, Takusi máa wúkọ́. Ikọ́ kékeré ni. Hatre á ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ẹni tó ń súre fún. Bí ó bá jáde láti wo oòrùn, ó rí i. Bí ó bá jókòó láti hun apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará, àwọn ojú yẹn wà lára rẹ̀. Kò rí oorun sùn mọ́. Ó rù títí egungun àyà rẹ̀ fi ṣeé kà, àwọn mọ́ńkì sì ń sọ fún èrò pé ààwẹ̀ ni. Takusi gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Hatre wá bá a nídìí òfì.

“Sọ ọ́. Dìde, kí o sọ fún gbogbo wọn. Mi ò ní sá.”

“Ẹnu mi ti bó. Tìrẹ ló kù.”

“Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún wọn pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí.”

“Gbogbo yín lẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ níbí! Ẹni tó jí àlùbọ́sà kan ń sunkún pé ẹlẹ́ṣẹ̀ lòun. Orúkọ Pekisi ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Orúkọ rẹ̀, àti ọkọ́, àti pé ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ kó tó kẹ̀yìn.”

Nígbà àjọ̀dún Àjíǹde, bíṣọ́ọ̀bù wá láti ìlú láti wo ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Hatre dá sílẹ̀. Àwọn mọ́ńkì wá láti ibi gbogbo, agbo èèyàn kún títí dé etí odò. Bíṣọ́ọ̀bù ní kí Bàbá bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Hatre dìde. Ó ti darúgbó. Ó wo òkè orí wọn, ó wá Takusi kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀.

“Ará Temushi ni mí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Pekisi ni orúkọ rẹ̀. Mo jí omi rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọkọ́ là á lórí, ó kú. Mo sá. Kì í ṣe Ọlọ́run ni mo wá dé aginjù. Mo sá ni.”

Ọwọ́ Takusi ti di okùn òfì mú gírígírí. Láti ọjọ́ tí ó ti gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀, ìsinsìnyí ló ti ń dúró dè. Lẹ́yìn náà ni bíṣọ́ọ̀bù bú sẹ́kún.

“Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!” ó ní. “Ẹ wo bí ẹni ńlá ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀!”

“Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ni Bàbá wa gbé rù!” Fibi ké, ó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo agbo náà ya lu Hatre, wọ́n ń fẹnu ko ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń já irun lára awọ ewúrẹ́ rẹ̀ lọ sílé.

“Òótọ́ ni!” Hatre ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́. “Ẹ bi obìnrin yẹn! Ó wà níbẹ̀!”

Àwọn díẹ̀ yíjú sí Takusi. “Òótọ́ ni,” ó ní, “ọkọ mi ló pa.” Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, omi ṣì wà lójú rẹ̀.

“Ìyá, Ọlọ́run á san án fún yín, ẹ̀yin tí ẹ dárí jì í.”

“Ta ló dárí jì í? Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi?”

Orin ti sọ, ó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Takusi dúró láàrin orin náà bí ẹni tí wọ́n jà lólè lójú ara rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí wọ́n lè gbọ́ nípa ọkùnrin yìí tí wọn kò ní sọ di ògo fún un. Tí òun bá bọ́ sí ìhòòhò níbẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ ìyanu ni.

Ó tú òfì rẹ̀. Nígbà tí èrò fọ́n ká, ó wọlé lọ bá Hatre níbi tí ó jókòó sí pẹ̀lú orí tí ó tẹ̀ ba.

“Kó ẹrù rẹ.”

“Níbo là ń lọ?”

“Temushi. Ilẹ̀ Pekisi ti di ẹ̀gún. Ìwọ lo pa ẹni tó ń ro ó.”

Fibi dí ẹnu ọ̀nà. “Bàbá, ẹ ò lè bá obìnrin lọ! Kí ni a máa sọ fún àwọn èrò?”

“Sọ fún wọn pé wọ́n mú mi,” ni Hatre wí. Ó fi awọ ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ó tẹ̀lé e.

Ní Temushi, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán. Àwọn ọ̀dọ́ rí arúgbó onírùngbọ̀n kan tó ń fọwọ́ gbígbọ̀n hú ẹ̀gún nínú oòrùn, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún un. Talu bínú.

“Ẹ gbé ẹni tó pa bàbá mi wá sílé mi, Ìyá?”

“Kì í ṣe inú ilé. Ibùso ewúrẹ́ ló máa sùn.”

Ibẹ̀ náà ló sùn. Takusi ń gbé oúnjẹ lọ fún un lóko lójoojúmọ́, ó ń gbé e kalẹ̀ níbi tó jìnnà sí i, kí ó lè dìde wá mú un. Bí ó bá rí i tó kúnlẹ̀ pẹ́ jù, á kígbe láti etí oko: “Hatre! Àdúrà kọ́ ló máa hú koríko yẹn!” Ọkùnrin náà á dìde, á di ọkọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó sàn, ó tún bó. Ó la kòtò omi tó ti dí láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọkà bálì hù lórí ilẹ̀ náà. Takusi dúró sí etí rẹ̀, ó wò ó, kò sọ pé ó ṣeun.

Nígbà kan, ní ìsinmi ọ̀sán, Hatre sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó bi í.

“Ṣé Pekisi sọ fún ẹ rí pé àwa méjèèjì jọ jí dàbínù olórí abúlé? Orí igi ni ó wà tí wọ́n fi dé. Ó ní ẹyẹ lòun ń lé.”

Takusi kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń já òwú lára aṣọ rẹ̀. Kò ní kó dákẹ́. Hatre tún sọ òmíràn, nípa bí Pekisi ṣe ṣubú sínú omi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Takusi ní etí odò. Takusi kò gbọ́ ìyẹn rí. Ó gbé àwo oúnjẹ, ó lọ sílé, ó ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ níbi tó ti máa ń gbé e sí, kò sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Hatre kú nígbà tí odò ń kún. Nínú oko ni Takusi ti bá a, ó dojú bolẹ̀. Òun àti ọkọ Talu ni wọ́n sin ín, wọn kò sì sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ńkì. Fibi wá, ó ti hewú, ó kó àwọn ará láti ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá pẹ̀lú tùràrí àti aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun.

“Ìyá, ẹ fún wa ní Bàbá wa.”

“Mi ò ní bàbá yín lọ́wọ́.”

“Egungun rẹ̀ á wo aláìsàn sàn. Ẹ ṣàánú wa.”

“Nígbà tí mo ń pariwo lórí òkè yẹn, ta ló ṣàánú mi? Ẹ sọ mí lókùúta. Ẹ ní ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ni mo ní.” Ó gbé ìró sókè, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tiro sí wọn. “Ẹ wò ó dáadáa!”

Wọn kò lọ. Wọ́n ń rìn yí etí oko ká, wọ́n ń kọrin, títí wọ́n fi rí òkìtì kan lábẹ́ igi ẹ̀gún. Ọkùnrin kan tí odò gbé wá ló wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀. Hatre ló fa òkú náà jáde nínú omi tó sì sin ín.

“Ṣé ibí ni, ìyá?” ni Fibi béèrè.

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń ríran.”

Wọ́n wú u. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n fẹnu kò ó, wọ́n ní òórùn dídùn ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ pẹ̀lú orin àti èéfín tùràrí. Takusi dúró létí odò títí ọkọ̀ náà fi di tóńtó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáròkó mú.

“Ìyá,” ni Talu wí, ẹ̀rù bà á, “òkú olókùú lẹ jẹ́ kí wọ́n gbé lọ?”

“Òun náà yóò gbádùn ẹ̀. Kò rí ẹni sunkún fún un.”

“Inú yín ti wá rọ̀ báyìí? Ṣé ẹ ti dárí jì í?”

Takusi ronú sí i. Kò fẹ́ pa irọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó lè sọ bí Pekisi ṣe ń rẹ́rìn-ín ti kú, òun nìkan ló kù báyìí, ìyẹn náà sì ń dùn ún, kò sì mọ ibi tí òun máa fi sí.

“Rárá,” ó ní. “Ó rọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀.”

Ó di apá Talu mú, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, wọ́n gba etí odò padà sílé.